Ẹni Tó Bí I Ló Ni Ín: Àtẹ̀jáde Ìpàdé Ọdọọdún Àwa Olùsin Ẹṣin Agbègbè Houston, 2025

Àwa ọmọ Yorùbá tó ń sin ẹṣin ní Houston àti àwọn káńtì tó yí i ká, láti Waller dé Fort Bend, láti Brazoria dé Liberty, ṣe ìpàdé ọdọọdún wa ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2025, nínú gbọ̀ngàn kan lójú ọ̀nà Bissonnet. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ìwé ìpè wí. Ẹ̀yin náà mọ aago tí a bẹ̀rẹ̀. Alága ló darí ìjókòó. Bàbá Ìsàlẹ̀ àti Ìyá Ẹgbẹ́ wà níkàlẹ̀. Akápò ka ìṣirò owó, wọ́n sì da ìbéèrè bò ó títí ó fi yọ áńkáṣíìfù nu ojú. Àtẹ̀jáde yìí wà fún àwọn tí kò lè wá, fún àwọn tó ń bọ̀ wá ra ẹṣin lọ́wọ́ wa, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ibi tí a dúró sí.

Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ilé dìde dúró fún Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún 65 lórí oyè. Kò sí ẹni tó ń sin ẹṣin nínú wa tí ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde kò ṣe lóore. Láti ọdún 2024 tí àwòrán Farooq Oreagba níbi ayẹyẹ náà ti lọ yí ayé ká, òun lórí ẹṣin, awò dúdú lójú, sìgá lẹ́nu, fóònù wa kò sinmi mọ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe àádọ́ta ọdún ní Katy ń wá ẹṣin. Ọkọ ìyàwó ní Sugar Land ń wá ẹṣin. Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn ará Índíà nìkan ló ń gun ẹṣin funfun lọ pàdé ìyàwó. Owó ń wọlé, a kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n owó yìí náà ló kó wa sínú ọ̀ràn tí a jókòó lé lórí lọ́jọ́ náà.

Alága fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì pọ́n wa lé. Ó ní ẹṣin gígùn la jogún, a kò jogún ẹṣin bíbí. Ọ̀yọ́ tó fi àwọn ẹlẹ́ṣin ja ogun dé ilẹ̀ Dahomey, rírà ló ń ra ẹṣin rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará òkè, ẹrú sì wà lára ohun tó fi ń san owó rẹ̀. Eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé ní ìhà gúúsù, ká má tíì sọ pé yóò bímọ tí ọmọ náà yóò yè. Èyí tó bá kú, wọn a tún padà sọ́jà. Nígbà tí Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní, ọ̀nà ọjà náà dí, ẹṣin di ohun ọ̀wọ́n. A ní oríkì ẹlẹ́ṣin lọ rẹpẹtẹ. Oríkì ẹni tó bá abo ẹṣin ṣàìsùn lóru ọjọ́ ìrọbí, bóyá ni a ó rí i. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa dé Texas tí a sì rí ilẹ̀, a ń bí ẹṣin pẹ̀lú ọgbọ́n ẹni tó ń ra ẹṣin: èyí tó bá bàjẹ́, a ó rí òmíràn.

Ohun tí ìpàdé fẹnu kò lé lórí kò ju gbólóhùn kan lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá mú akọ gun abo ni yóò dáhùn fún ọmọ tí wọ́n bá bí, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdodo rẹ̀ títí dé ọjọ́ tí a ó gbẹ́ ilẹ̀ sin ín, ì báà ti tà á, ì báà ti fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Ohun tó kù nínú àtẹ̀jáde yìí, àlàyé rẹ̀ ni, àti awuyewuye tó wáyé kí a tó gbà á.

Owó orí ilẹ̀

Ibí yìí ni ilé ti kọ́kọ́ gbóná. Ní Texas, ẹni tó bá ń fi ilẹ̀ rẹ̀ bí ẹṣin lè ní kí wọ́n díye lé ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí oko, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí iye tí àwọn akọ́lé-tà yóò fi rà á. Ẹni tó kàn ń gun ẹṣin fún fàájì kò ní ẹ̀tọ́ sí i, ẹni tó ń gba ẹṣin ẹlòmíràn sọ́dọ̀ kò ní in. Bíbí ni wọ́n ń wò. Ní apá Katy àti Fulshear tí ilé tuntun ti ń hù bí olú, ìyàtọ̀ àárín owó méjèèjì tó ohun tí í lé ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú wa fi ń mú akọ gun abo lọ́dọọdún, láìmọ ẹni tí yóò ra ọmọ, láìmọ ohun tí ọmọ náà wà fún. Wọ́n kàn fẹ́ kí òṣìṣẹ́ káńtì tó bá dé rí ọmọ ẹṣin lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni.

Ìpàdé kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀. A mọ̀ pé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jẹ́ oko fún ọdún 5 nínú 7 kí ẹ̀tọ́ náà tó múlẹ̀, a sì mọ̀ pé ẹni tó bá yí ilẹ̀ rẹ̀ padà yóò san àfikún owó orí ọdún 3 sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òfin kan náà gba koríko gbígbẹ, ó gba ewúrẹ́, ó sì gba oyin fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà láàárín éékà 5 sí 20. Ẹni tó bá jẹ́ pé owó orí nìkan ló ń lé kiri, kó lọ sin oyin. Oyin kì í gbó di ẹrù síni lọ́rùn, a kì í sì í gbé e lọ sí gbàǹjo. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí èyí. Akọ̀wé tó ń kọ ìwé yìí kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti rí ọmọ ẹṣin ọlọ́dún méjì tí wọn kò tíì fi okùn kàn lórí rí.

Ìdodo

Orí èyí ni a pẹ́ sí jù lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ti ẹnu ibodè gúúsù pa mọ́ màlúù àti ẹṣin láti Mexico, nítorí eṣinṣin kan tí ìdin rẹ̀ ń jẹ ẹran ààyè. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n rí i lára màlúù kan ní Sabinas Hidalgo, lójú ọ̀nà tó ti Monterrey lọ sí ibodè Laredo, ibi tí kò tó máìlì 70 sí Texas.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ wa rò pé ìdin ni ìdin. Èyí tí a mọ̀ nílé, inú ohun tó ti kú tó ti ń rà ló ń gbé. Èyí yàtọ̀. Abo eṣinṣin náà yóò bà sí etí ojú egbò, yóò yé ẹyin tó lè tó 200 tàbí 300 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti di ìdin, wọ́n sì ti ń wa ẹran lọ sínú, orí wọn nísàlẹ̀. Egbò náà ń fẹ̀ sí i, òórùn rẹ̀ ń pe eṣinṣin mìíràn. Kò dìgbà tí egbò bá tóbi. Ojú ibi tí eégbọn ti jẹ ẹran ti tó o. Lára ọmọ tuntun, ìdodo ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí a kò bá tètè rí i, ọmọ náà yóò kú.

Texas ti bá a jà rí, ó sì borí. Edward Knipling, ọmọ Port Lavaca, tí kò jìnnà sí wa létíkun níhìn-ín, ló kíyè sí i pé abo eṣinṣin náà kì í gba akọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀. Òun àti Raymond Bushland wá ronú pé bí a bá fi ìtànṣán sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ akọ di àgàn, tí a sì tú wọn sáfẹ́fẹ́, abo tó bá gba irú wọn yóò yé ẹyin tí kò ní pa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lé e kúrò nílẹ̀ yìí. Ọdún 1966 ni wọ́n kéde pé ó ti tán, ó tún jà padà lẹ́yìn náà, ọdún 1982 ni Texas sì rí èyí tó kẹ́yìn nígbà náà. Wọ́n lé e dé Panama, wọ́n sì ń tú eṣinṣin àgàn síbẹ̀ láti dínà fún un. Ìdínà náà ló já láìpẹ́ yìí, tó fi rìn gba Central America kọjá, tó sì wọ Mexico ní ìparí 2024.

Àgbàlagbà kan tó bá wa jókòó gẹ́gẹ́ bí àlejò, ọmọ Texas tí bàbá rẹ̀ sin màlúù ní Waller, sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, iṣẹ́ òun lẹ́yìn ilé ìwé ni kí òun máa gun ẹṣin yí pápá ká, kí òun máa fi okùn mú ọmọ màlúù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òun dà á dùbúlẹ̀, kí òun wo ìdodo rẹ̀, kí òun sì kun òògùn sí i. Ojoojúmọ́ ni. Ó ní ẹni tó bá fo ọjọ́ kan, lọ́jọ́ kejì imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Gbọ̀ngàn dákẹ́ nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìpinnu wa rèé. Kí a jẹ́ kí okùn ìwọ́ já fúnra rẹ̀ nígbà tí ìyá bá dìde tàbí tí ọmọ bá rá; kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀bẹ gé e. Kí a ti ìdodo náà bọ chlorhexidine tàbí áyódíìnì tí a ti là bí dókítà ẹran ṣe wí, kí a tún un ṣe léraléra ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí yóò fi gbẹ. Ẹni tó bá rí ìdin kó má fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Kó kó o sínú ọtí líle nínú ìgò, kó pe dókítà tàbí Texas Animal Health Commission lọ́jọ́ náà. Ìtìjú kò sí nínú èyí. Ẹni tó bá fi pamọ́ ni ẹgbẹ́ yóò bá wí.

Nítorí pé eṣinṣin yìí kò fẹ́ràn òtútù, ìpàdé gba àwọn tó lè ṣe é níyànjú pé kí abo wọn bí láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta. Oyún ẹṣin jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 340, abo kì í sì í sábà gba akọ nígbà tí ojúmọ́ bá kúrú. Ẹni tó bá fẹ́ bí ní kùtùkùtù ọdún ní láti tan iná fún abo rẹ̀ láti ìparí oṣù kọkànlá tó ṣáájú ìgbà tí yóò gba akọ, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán àti ti iná pa pọ̀ tó wákàtí 16. Àwọn tó ń sin Thoroughbred mọ èyí tipẹ́, nítorí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni gbogbo ẹṣin wọn ń pé ọdún lójú ìwé.

Fún àwọn tuntun, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ẹṣin: ní wákàtí 1, ọmọ ti dìde; ní wákàtí 2, ó ti mu ọmú; ní wákàtí 3, ibi ti jáde. Èyí tó bá kọjá ìyẹn, ẹ pe dókítà, ẹ má pe ọ̀rẹ́. Bí ohun pupa bíi àrán bá kọ́kọ́ yọ lójú ara dípò èyí tó funfun, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni: ibi ló ń ṣáájú ọmọ yẹn, ọmọ kò sì ní afẹ́fẹ́. Ẹ ya á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fa ọmọ jáde.

Ẹnìkan ní iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù fún ọmọ ẹṣin kan ṣoṣo. Bàbá Ìsàlẹ̀ dá a lóhùn pẹ̀lú ìtàn Assault, tí wọ́n bí sí King Ranch ní gúúsù Texas níhìn-ín ní 1943. Ó tẹ ohun mímú kan ní kékeré, pátákò ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú rẹ̀ bàjẹ́ títí ayé, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ní 1946, ó gba ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń pè ní Triple Crown. Kò tíì sí ẹṣin mìíràn tí wọ́n bí ní Texas tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Irun gọ́gọ̀ àti ẹ̀jẹ̀

Ọ̀pọ̀ wa, ẹṣin Quarter la ní, àwọn díẹ̀ sì ní Paint aláràbarà. Ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ẹṣin Quarter sílẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Fort Worth ní 1940 tó sì wà ní Amarillo báyìí, ti ní òfin tirẹ̀ lórí àrùn àjogúnbá. Akọ kan tó ń jẹ́ Impressive, arẹwà tó gbajúmọ̀ gan-an, ló tan àrùn iṣan HYPP káàkiri ìran rẹ̀. Láti 2007, ọmọ tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá kò lè wọ ìwé mọ́. Lọ́dọ̀ Paint, èyí tó ń bani nínú jẹ́ jù ni ti ọmọ funfun. Bí akọ àti abo bá ru ohun tó ń fa àrùn náà, ọ̀kan nínú ọmọ 4 lè wá sáyé ní funfun báláú, ẹwà rẹ̀ á sì pọ̀. Yóò dìde, yóò mu ọmú. Ṣùgbọ́n ìfun rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, inú yóò sì máa run ún títí yóò fi kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí oògùn rẹ̀.

Irun gọ́gọ̀ tí a fà tu tòun ti gbòǹgbò, nǹkan bí 20 sí 30, nínú àpòòwé ni a fi ń mọ èyí kí akọ tó gun abo. Ìpàdé fẹnu kò pé akọ ọmọ ẹgbẹ́ tí kò bá ní èsì àyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ gun abo ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́, ì báà jẹ́ àna ara wọn. Lórí ẹṣin tí wọ́n fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì da ọ̀kan di méjì, ẹgbẹ́ kò ní í gbà á sínú ìwé wa. Kóòtù ti dá ẹgbẹ́ tó wà ní Amarillo láre lórí èyí láti 2015, a kò sì rí ìdí tí a ó fi tún bá wọn jà á.

Kókó kejì ni àyẹ̀wò Coggins, tí a fi ń wá àrùn àìtó-ẹ̀jẹ̀ ẹṣin. Òfin Texas ní ẹṣin tó bá ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ti èkejì gbọ́dọ̀ ní èsì tí kò tíì pé oṣù 12. A gbọ́ pé àwọn kan ń fi èsì ẹṣin kan ta òmíràn tó jọ ọ́. Eléyìí kì í ṣe ọgbọ́n, ìwà ọ̀daràn ni. Àrùn náà kò ní àwòtán: ẹṣin tó bá ní i, yálà kí wọ́n pa á, tàbí kó dá gbé títí ayé, ó kéré tán yáàdì 200 sí ẹṣin mìíràn. Eṣinṣin ńlá tí í fa ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n láwọn ọdún tó kẹ́yìn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi gún ẹṣin kan tẹ̀ lé òmíràn nídìí eré ìje inú igbó ló ń tàn án jù. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gbé ẹṣin lọ síbẹ̀, kó má gbé e padà wá sí pápá ẹlòmíràn.

Ìjì

A kò ní sọ púpọ̀, nítorí ẹni tó bá wà ní Houston ní oṣù kẹjọ 2017 kò nílò ìwàásù. Ìjì Harvey rọ òjò tó lé ní íǹṣì 60 sí Nederland. Kí ó tó dé rárá, ní oṣù kẹrin 2016, omi Cypress Creek ti gbé ẹṣin lọ níṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Beryl, ní ọjọ́ 8 oṣù keje 2024, kò mú omi tó bẹ́ẹ̀ wá, iná mànàmáná ló pa. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé kànga tó ń lo iná kì í ṣe kànga nígbà tí iná kò sí. Ẹṣin kan ń mu gálọ́ọ̀nù 5 sí 10 lójúmọ́, ó sì lè lé ní 15 nínú ooru oṣù keje. Ẹ fi iye ẹṣin yín sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wo agbada omi tó wà nílé.

Ìpinnu: kí gbogbo ẹṣin ní ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré tí dókítà ń fi abẹ́rẹ́ tì bọ ẹran ọrùn. Kí a fi ọ̀dà tí omi kò lè fọ̀ kọ nọ́ńbà fóònù sí i lára nígbà tí ìjì bá ń bọ̀. Kí ẹni tó ní tírélà nínú wa kọ orúkọ sílẹ̀ kí oṣù kẹfà tó dé. Ọmọ tó ń mu ọmú àti ìyá rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Ẹṣin ayẹyẹ lè dúró.

Gbàǹjo

Ibi tí ìpàdé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ nìyí. Láti 2007, kò sí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹṣin fún ẹran jíjẹ mọ́ ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn tó kẹ́yìn, méjì wà ní Texas, ní Fort Worth àti ní Kaufman, òfin Texas ti ọdún 1949 ni kóòtù sì fi dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dí. Ẹṣin tí kò ní olówó mọ́ a máa ti ibi gbàǹjo bọ́ sínú ọkọ̀ ńlá, ọkọ̀ a sì gbé e kọjá Rio Grande lọ sí Mexico. Ẹni tó bá ti dúró nídìí gbàǹjo rí yóò dá àwọn oníbàárà yìí mọ̀. Wọn kì í la ẹnu ẹṣin wo eyín, wọn kì í gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n ń fojú wọ̀n.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, abo ẹṣin ọdún 24, kò bí mọ́, kò ṣeé gùn, koríko ló ń jẹ lójoojúmọ́. Dókítà tí yóò fi abẹ́rẹ́ sùn ún yóò gba owó. Ẹni tí yóò fi katapílà gbẹ́ ilẹ̀ yóò gba owó. Kí ni kí n ṣe?"

Ìyá Ẹgbẹ́ bi í pé, "Ọmọ mélòó ló bí fún ẹ?"

Ó ní, "Méje, mà."

"Èló lo ta wọ́n?"

Kò fèsì.

Ìyá ní, "Jókòó, ọmọ mi. Owó ilẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìyẹn."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn mìíràn bínú, wọ́n ní ó rọrùn fún ẹni tó ní éékà púpọ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó ń ya pápá gbé ẹṣin sí kò lè bọ́ arúgbó ẹṣin fún ọdún mẹ́wàá. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Lẹ́yìn tí ariwo rọlẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ san $100 sínú àpótí kan lórí ọmọ ẹṣin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí, kí owó náà wà fún ìtọ́jú àti ìsìnkú àwọn tó ti darúgbó. Kí ìwé tí a fi ń ta ẹṣin sì ní gbólóhùn kan nínú pé ẹni tó rà á yóò kọ́kọ́ pe ẹni tó bí i kó tó gbé e lọ sí gbàǹjo. Àwọn tí kò fọwọ́ sí i ní kí a kọ ọ́ pé wọn kò fọwọ́ sí i. A ti kọ ọ́.

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa

Kò sí ìdí fún wa láti máa yangàn bí ẹni pé àwa ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gun ẹṣin ní Houston. Láti 1957 ni Prairie View Trail Riders Association ti wà. James Francies, Alfred Poindexter tó jẹ́ dókítà ẹran ní yunifásítì Prairie View, àti Myrtis Dightman, ọmọ Crockett tó ń gun akọ màlúù lójú agbo, ló dá a sílẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n ń ti ìhà Hempstead gun ẹṣin wọ Houston fún ayẹyẹ Rodeo tó ti bẹ̀rẹ̀ láti 1932. Àwọn ìdílé wọ̀nyí ti ń bí ẹṣin lórí ilẹ̀ kan náà láti ọwọ́ bàbá ńlá wọn wá. Ohun tí Alága sọ pé a kò jogún, ọwọ́ wọn ló wà. Ìpàdé rán àwọn aṣojú mẹ́ta sí irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ní Waller, kí wọ́n lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì jókòó gbọ́. Kí wọ́n má gbé agbádá wọ̀ lọ ṣe fọ́tò.

Fífi akọ ránṣẹ́ sílé

Ẹnìkan mú àbá wá pé kí a da owó jọ fi akọ Quarter kan ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba tó ń bọ̀. A kò gbà á. Ẹṣin tí wọ́n bí sí Texas kò bá tsetse gbé rí, kò sì bá àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń gbé àrùn ẹṣin Áfíríkà kiri pàdé rí. Àrùn náà lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá sì lọ, pípadà rẹ̀ kì í ṣe kékeré: ẹṣin tó bá ti orílẹ̀-èdè tí àrùn náà wà wọ Amẹ́ríkà yóò wà ní àhámọ́ fún ọjọ́ 60. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ilé lóore, kó fi owó dókítà ẹran ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin níbẹ̀. Àwọn ẹṣin ìbílẹ̀ tó ti mọ ilẹ̀ ló yẹ kí ẹlẹ́ṣin gùn.

Lórí eré ìje ní Sam Houston Race Park, ìpàdé kò ní ìpinnu. Ìjà àárín ìjọba Texas àti àjọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ fún lágbára láti ṣàkóso eré ẹṣin ti dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Washington, ní 2022 ni wọ́n sì dá àwòrán eré Thoroughbred ti Texas dúró kó má jáde lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn fún àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ní Thoroughbred ń pàdánù owó nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó jẹ̀bi.

Ìpàdé tó ń bọ̀ yóò wáyé ní Hempstead, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá 2026. Kí olúkúlùkù mú èsì Coggins àti èsì àyẹ̀wò irun akọ rẹ̀ dání. Ẹni tí kò bá mú un wá yóò jókòó lẹ́yìn, kò sì ní dìbò. Owó ẹgbẹ́ ọdún 2026 gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù kejì tó parí. Àwọn tó yá gàárì ẹgbẹ́ fún ìgbéyàwó oṣù kẹjọ tí wọn kò tíì dá a padà, orúkọ yín wà lọ́wọ́ akápò.

Alága
Akọ̀wé
Fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, Houston, Texas